TRV Orí Rédíétọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Kí Ilé Móoru Láì Dáná Sun Owó

Púpọ̀ nínú àwa tí a wá ń gbé Ìlú Ọba ni kò dàgbà nínú ilé tó ní rédíétọ̀. A kó dé Peckham, Thamesmead, Manchester tàbí Leeds, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé ohun funfun onínọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ (irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá láti mú yàrá móoru) fún wa. TRV (thermostatic radiator valve) ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹrin, ohun kékeré yẹn wà lára ohun tó ń pinnu iye gáàsì tí ilé ń jó. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ń fi owó oúnjẹ bọ́ mítà, tí òtútù ṣì ń pa á nínú yàrá. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa ń béèrè jù nìyí.

Kí ni TRV gan-an?

Fáàfù ni, èyí tó ń ṣí tó sì ń tì fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ ló wà, níbi tí páìpù ti wọ inú rẹ̀. Ó ní ara, ó ní orí. Irin ni ara rẹ̀, ibẹ̀ ni omi gbígbóná ń gbà kọjá. Ike ni orí rẹ̀ tí a ń fọwọ́ yí, wọ́n kọ 1 dé 5 sí i lára, àti àmì kan tó dà bí ìràwọ̀.

Tí ẹ bá wo òdìkejì rédíétọ̀ náà, ẹ ó rí fáàfù mìíràn tí wọ́n dé ní ìdérí, tí kò ní nọ́ńbà kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn. Òun ni plọ́ḿbà fi pín omi fún rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan kí tòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti tìsàlẹ̀ lè gbóná dọ́gba. Tí ẹnìkan bá yí i láìmọ̀dí, yàrá kan á máa gbóná jù, òmíràn ò ní gbóná rárá.

Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé yàrá ti móoru?

Agolo kékeré kan wà nínú orí yẹn, wọ́n rọ ìda tàbí omi àkànṣe kan sínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá ṣe ń móoru, ohun inú agolo náà á máa wú, á máa ti pínnì tín-ín-rín kan wọlé, pínnì yẹn á sì máa dí ojú ọ̀nà omi. Tí yàrá bá tún tutù, ohun inú agolo á sún kì, sípíríǹgì á ti pínnì padà, omi á tún ráàyè wọlé. Kò lo iná, kò lo bátìrì. Mads Clausen, ọmọ Denmark tó dá iléeṣẹ́ Danfoss sílẹ̀, ló ṣe irú rẹ̀ ní 1943, ọgbọ́n kan náà ló ṣì wà nínú èyí tí wọ́n ń tà lónìí.

Ẹ di èyí mú: afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni TRV ń wò. Kò mọ bí omi inú páìpù ṣe gbóná tó, kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá kejì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wàhálà tí mo máa sọ nísàlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni àwọn nọ́ńbà yẹn dúró fún?

Wọ́n dúró fún bí ẹ ṣe fẹ́ kí yàrá móoru tó. Ó máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n 2 máa ń wà ní nǹkan bíi 16°C, 3 ní 20°C, 4 ní 24°C. Àmì ìràwọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 7°C, òun ni wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n bá rìnrìn àjò, kí omi má baà dì nínú páìpù. Tí TRV bá ní 0, ìyẹn tì pa ni.

Ẹ ra tẹmómítà kékeré tí kò wọ́n, ẹ gbé e sórí tábìlì níbi tó jìnnà sí rédíétọ̀ àti fèrèsé. Òun ló máa sọ òótọ́ fún yín. Ní ilé kan, 3 lè jẹ́ 18°C, ní ilé mìíràn kó jẹ́ 22°C.

Tí mo bá yí i sí 5, ṣé yàrá á tètè gbóná?

Rárá. Ọ̀rọ̀ AC ilé wa lọ́hùn-ún ni: ẹni tó gbé AC sí 16 kò rí i kó tètè tutù ju ẹni tó gbé e sí 24 lọ, ó kàn máa ń ṣiṣẹ́ títí tí ara á fi máa gbọ̀n. Nígbà tí yàrá bá tutù, TRV tó wà ní 3 ti ṣí pátápátá. Tí ẹ bá gbé e sí 5, kò sí ibì kankan tó tún máa ṣí sí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Yàrá á wá gbóná kọjá ààlà, ẹ ó ṣí fèrèsé, owó á máa gba ojú fèrèsé jáde. Ibi tó bá yín lára mu ni kẹ́ ẹ fi sí, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá yí i, ẹ fún un ní wákàtí kan kí ẹ tó ní kò ṣiṣẹ́, nítorí ara ìda náà kì í yá.

Thermostat tó wà lára ògiri ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ kan náà kọ́ ni wọ́n ń ṣe?

Rárá, iṣẹ́ wọn yàtọ̀, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ síbí, nítorí àìmọ èyí ló ń jẹ gáàsì jù nínú ilé wa.

Bọ́ílà ló ń mú omi gbóná. Thermostat ara ògiri ló ń pàṣẹ fún bọ́ílà pé kó tàn tàbí kó sinmi, ó sì sábà máa ń wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní pálọ̀. TRV ní tirẹ̀ kò bá bọ́ílà sọ ohunkóhun. Omi tí bọ́ílà bá gbé wá ló ń gbà wọlé, tàbí kó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn ni pé TRV lè dín ooru yàrá kù, ṣùgbọ́n kò lè bù kún un. Tí thermostat bá wà ní 16°C, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ti dé 16°C, bọ́ílà á kú, kódà kí ẹ gbé gbogbo TRV inú ilé sí 5. Tí ẹ bá sì ti gbogbo TRV pa, bọ́ílà lè ṣì máa jó níwọ̀n ìgbà tí thermostat bá ń pè é.

Ẹ wo ohun tí mo máa ń rí. Thermostat wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé e sí 20°C. Rédíétọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, ó ní TRV, ẹnìkan sì ti gbé ìyẹn sí 2 torí pé "ta ló ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀?" Ọ̀dẹ̀dẹ̀ á dé 16°C, TRV á ti ilẹ̀kùn. Thermostat ṣì ń dúró de 20°C tí kò ní dé láéláé, kò sì ní yéé pe bọ́ílà. Àwọn yàrá yòókù ti móoru, TRV tiwọn náà ti tì, síbẹ̀ bọ́ílà ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Nítorí náà, nínú yàrá tí thermostat bá wà, ẹ ṣí TRV ibẹ̀ sí 5 pátápátá kí thermostat nìkan máa darí ibẹ̀. Tàbí kí plọ́ḿbà yọ TRV ibẹ̀ kúrò, kó fi fáàfù lásán sí i. Lẹ́yìn náà ẹ gbé thermostat sí nǹkan bíi 19 tàbí 20°C, kí ẹ wá fi TRV dín ooru kù ní àwọn yàrá tí kò nílò tó bẹ́ẹ̀.

Yàrá wo ló yẹ kó wà ní nọ́ńbà wo?

Pálọ̀ tí ẹ ń jókòó sí, 3. Yàrá ìsùn, 2 tàbí 2 ààbọ̀, torí pé ẹ máa da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora. Ilé ìdáná, 2 ti tó. Ẹni tó ń ro ọkà, tó ń din ẹja lórí sítóòfù, kò nílò kí rédíétọ̀ tún ràn án lọ́wọ́. Ilé ìwẹ̀, 3, kó lè tètè gbẹ.

Yàrá ọmọ tuntun gba ìṣọ́ra púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera níbí ní kó wà láàárín 16 sí 20°C. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe àwọn ìyá wa bíi pé òtútù ń mú ọmọ, ṣùgbọ́n kí ọmọ gbóná jù lójú oorun léwu. Ẹ fi tẹmómítà sí yàrá náà, kí ẹ má fi ara tiyín wọ̀n ọ́n.

Ìyá mi ti Ìbàdàn wá bá wa tọ́jú ọmọ. Gbogbo TRV ni wọ́n ń gbé sí 5. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má bá Màmá jiyàn. Ẹni tó ti inú ooru Ìbàdàn bọ́ sí oṣù Kìíní níbí, òótọ́ ni pé òtútù ń mú wọn, ara àgbà kì í sì í fara da òtútù bíi ti ọ̀dọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 18°C ló kéré jù tó yẹ kí ilé wà lásìkò òtútù, kó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àgbàlagbà àti ọmọdé.

Yàrá tí wọ́n ń sùn sí ni kẹ́ ẹ gbé sí 4, ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ fi bébà tàbí aṣọ dí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ fi ìyókù ilé sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí yàrá Màmá kò bá wá móoru tó, ẹ lọ wo thermostat: ó ṣeé ṣe kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti pa bọ́ílà kí yàrá wọn tó gbóná. Ẹ sún un sókè ní ìwọ̀n kan péré, TRV ò ní jẹ́ kí yàrá yòókù gbóná jù. Ìyẹn gan-an ni àǹfààní rẹ̀: ẹnìkan lè gba ooru tó tẹ́ ẹ lọ́rùn láìjẹ́ pé gbogbo ilé ń jó gáàsì nítorí rẹ̀.

Yàrá àlejò kò ní ẹnikẹ́ni nínú. Ṣé kí n ti TRV rẹ̀ pa?

Ẹ má tì í pa. Ẹ fi sí 1 tàbí 2, ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Ilé tí wọ́n bá ti ń se mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná wẹ̀, tí wọ́n sì ń sá aṣọ sínú ilé torí pé òjò ń rọ̀ níta, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ọ̀rinrin yẹn á rìn títí yóò fi rí ògiri tó tutù jù, ibẹ̀ ni yóò ti di omi. Ògiri yàrá tí ẹ tì pa ló máa ń rí. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, igun òkè á ti bu, nǹkan dúdú á máa hù lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tó bá ní ikọ́ sémìísémìí (asthma) níbẹ̀ kò ní gbádùn. Owó tí ẹ rò pé ẹ ń ṣọ́ á bá ọ̀dà àti ilé ìwòsàn lọ. Ẹ máa tan fáànù ilé ìdáná àti ti ilé ìwẹ̀, kí ẹ sì máa ṣí fèrèsé díẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀.

Ṣé ó dáa kí bọ́ílà máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ju kí n máa tàn án kí n máa pa á?

Nínú ilé tó ń lo bọ́ílà gáàsì, ó dáa kí ẹ tàn án ní àkókò tí ẹ nílò rẹ̀ nìkan. Ooru ń jò jáde lára ògiri ní gbogbo ìgbà tí ilé bá móoru, bẹ́ ẹ wà nílé bẹ́ ẹ ò sí nílé.

Kọ́tìnì àti àga wa bo TRV mọ́lẹ̀. Ṣé ó ní aburú?

Ó ní i. Ooru á há síbẹ̀, TRV á rò pé gbogbo yàrá ti móoru, á sì tì nígbà tí ẹ ṣì ń gbọ̀n lórí àga. Ẹ gé kọ́tìnì kó mọ lókè rédíétọ̀, ẹ fa àga síwájú díẹ̀. Aṣọ tí ẹ sá sórí rédíétọ̀ máa ń fa wàhálà kan náà, ó sì tún ń dí ooru lọ́wọ́ láti dé inú yàrá. Pákó ẹlẹ́wà tí wọ́n fi ń bo rédíétọ̀ náà wà lára rẹ̀. Tí ẹ ò bá lè yọ ọ́, irú TRV kan wà tí ẹ̀rọ tó ń wo afẹ́fẹ́ máa ń wà lọ́tọ̀, tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri.

Mo yí i sí 5, rédíétọ̀ kan ṣoṣo yẹn kò gbóná rárá. Kí ló ṣe é?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pínnì ló há. Tí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù Kẹwàá, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. TRV ti wà ní títì láti ìgbà ooru, pínnì ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, sípíríǹgì ò lágbára láti gbé e dìde mọ́.

Ẹ pa bọ́ílà, ẹ jẹ́ kí rédíétọ̀ tutù. Ẹ yí orí TRV sí 5 kí ó lè rọrùn láti tú. Ẹ fọwọ́ tú òrùka tó so orí mọ́ ara, sí apá òsì. Tó bá le, ẹ fi aṣọ wé e kí ẹ tó fi sípánà mú un. Orí á bọ́ sí yín lọ́wọ́. Omi kò ní jáde, ẹ má bẹ̀rù, nítorí ara fáàfù ló di omi mú. Pínnì kékeré kan lẹ ó rí láàárín. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ wọlé jẹ́jẹ́. Tó bá dáa, á wọlé ní mílímítà díẹ̀, á sì ta padà fúnra rẹ̀. Tó bá ti há, kò ní mì, tàbí kó wọlé kó má padà. Ẹ kán epo fẹ́ẹ́rẹ́ sí i ní ẹ̀kán kan, ẹ fi igi gbá ẹ̀gbẹ́ fáàfù díẹ̀díẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, títí tí yóò fi máa lọ tí yóò sì máa bọ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ẹ fi ẹ̀mú fa pínnì náà sókè. Tó bá fà yọ, omi dúdú á tú sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ò sì ní rí nǹkan fi dí i.

Tí pínnì bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ fọwọ́ kan rédíétọ̀ nígbà tí bọ́ílà bá ń ṣiṣẹ́. Tí òkè bá tutù tí ìsàlẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀: ẹ pa bọ́ílà, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rédíétọ̀ tú u lókè títí tí ariwo ṣìṣìṣì yẹn á fi dópin tí omi á fi yọ. Lẹ́yìn náà ẹ wo gééjì bọ́ílà, kó wà láàárín 1 sí 1.5 nígbà tí omi bá tutù. Tí ìsàlẹ̀ ló tutù tí òkè gbóná, ìdọ̀tí irin ló ti sùn sí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀. Plọ́ḿbà ló máa fọ̀ ọ́.

TRV wa máa ń dún gbàgbàgbà bí ẹni ń lu irin.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi sí páìpù tí omi ń gbà jáde dípò èyí tó ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ TRV àtijọ́ ní ọfà lára tó ń júwe ọ̀nà tí omi gbọ́dọ̀ gbà. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí sábà máa ń gba omi láti apá méjèèjì. Ẹ ní kí plọ́ḿbà pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣé gbogbo rédíétọ̀ ló yẹ kó ní TRV?

Gbogbo rẹ̀, àyàfi èyí tó wà níbi tí thermostat wà. Ìdí mìíràn tún wà. Bọ́ílà gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà kan gbé omi gbà nígbà gbogbo, tí gbogbo TRV bá tì lẹ́ẹ̀kan náà, omi ò ní rí ibi lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi rédíétọ̀ kan sílẹ̀ láìní TRV, ó sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ń sá táwẹ́ẹ̀lì sí ní ilé ìwẹ̀, tàbí kí plọ́ḿbà fi fáàfù àyípo (bypass), tó ń dá omi padà sí bọ́ílà, sí ìdí bọ́ílà.

Èló ni màá rí fi pamọ́?

Ní University of Salford, wọ́n kọ́ odindi ilé kan sínú yàrá ìwádìí, níbi tí wọ́n ti lè pinnu bí òtútù ita ṣe máa pọ̀ tó. Energy House ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n fi thermostat àti TRV sí ilé náà, agbára tó ń lò fún ìmóoru fi nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ìgbà tí kò sí ìkankan níbẹ̀. Ẹ má retí iye yẹn tí ilé yín bá ti ní thermostat tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní yàrá púpọ̀ tí kò lò ló máa ń jèrè jù. Ẹni tó ń gbé nínú yàrá kan pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ kò ní rí ìyàtọ̀ ńlá.

Kí ni mo tún lè ṣe ní ìdí bọ́ílà?

Ẹ wo bí omi tí bọ́ílà ń rán sí rédíétọ̀ ṣe gbóná tó. Wọ́n sábà máa ń gbé e sí 70 tàbí 80°C. Bọ́ílà òde òní máa ń fa ooru tó yẹ kó bá èéfín lọ padà sínú omi, ṣùgbọ́n ìgbà tí omi tó ń darí bọ̀ wá kò bá ju nǹkan bíi 55°C lọ ló ń ṣe é dáadáa. Tó bá jẹ́ bọ́ílà tí kò ní táńkì lẹ ní, ẹ wá ibi tí wọ́n ya àwòrán rédíétọ̀ sí lára rẹ̀, ẹ gbé e sí 60°C. Rédíétọ̀ kò ní gbóná lọ́wọ́ tó ti tẹ́lẹ̀, yàrá á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó móoru, ṣùgbọ́n á dé ibẹ̀. Tí ilé yín bá ní táńkì omi gbígbóná, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí omi táńkì gbọ́dọ̀ máa dé 60°C kí kòkòrò àrùn má baà hù nínú rẹ̀.

Dípò bọ́ílà, ṣé kí n kàn tan hítà iná sí yàrá kan ṣoṣo tí mo wà?

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta iná níbí tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin iye gáàsì. Hítà 2 kìlówáàtì tí ẹ tàn fún wákàtí mẹ́rin lálẹ́ kì í ṣe owó kékeré. Tí ẹ bá ní gáàsì, ó dáa kí ẹ ti TRV yàrá yòókù sí 1, kí ẹ ṣí ti yàrá yín, kí bọ́ílà gbé ooru wá fún yín.

TRV onífóònù ńkọ́? Ṣé ó tọ́ kí n rà á?

Bátìrì ni wọ́n ń fi sí i, áàpù orí fóònù lẹ fi ń pàṣẹ fún un. Ẹ lè ní kí yàrá àwọn ọmọ móoru láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nìkan, àwọn mìíràn sì máa ń tì fúnra wọn tí fèrèsé bá ṣí. Ó wúlò fún ẹni tí àkókò rẹ̀ kò dọ́gba, bíi àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ yìí tí wọ́n á ṣiṣẹ́ ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fún ìdílé tó ń jí tó sì ń sùn lákòókò kan náà lójoojúmọ́, mo rò pé ti lásán ti tó. Kí ẹ tó rà á, ẹ wò ó bóyá orí rẹ̀ á wọ ara fáàfù yín. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní M30 (ìyẹn ni pé ibi tí orí ti ń wé mọ́ ara fẹ̀ ní mílímítà 30), ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ilé onílé ni mò ń gbé. Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?

Ẹ lè yí i bó ṣe wù yín. Tó bá bàjẹ́, onílé ló yẹ kó tún un ṣe. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ fi fọ́tò sí i, ẹ tọ́jú lẹ́tà náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ kò sí ní Gas Safe Register (ìwé orúkọ àwọn tí òfin fàyè gbà láti ṣiṣẹ́ gáàsì) ṣí bọ́ílà, bó ti wù kó dá ara rẹ̀ lójú tó. Tí onílé bá ń pààrọ̀ bọ́ílà ní England, òfin ilé kíkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà 2022 ní kí ohun tó ń darí ooru yàrá kọ̀ọ̀kan, bíi TRV, bá a wá. Ẹ lè rán wọn létí.

Nígbà ooru, tí bọ́ílà ti wà ní pípa, ibo ni kí n fi wọ́n sí?

Ẹ ṣí gbogbo wọn sí 5 kí pínnì má baà wà ní títẹ̀ mọ́lẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀, torí pé kò sí omi gbígbóná tó ń bọ̀. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ẹ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ yí i bọ̀, ẹ tan bọ́ílà fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ fọwọ́ kan rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá há, ẹ ti mọ̀ kí òtútù tó dé, kí plọ́ḿbà tó di ẹni tí a ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró dè.